Ẹ Dárúkọ Ògbufọ̀: Ìjà Wa Lórí Sherif Hetata

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní sáà tó kọjá tó ṣì ń dùn wá títí di òní. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì pè wá síbi àpérò ìwé wọn. Woman at Point Zero, ìwé Nawal El Saadawi, ni wọ́n kà. A lọ, a jókòó, a jẹ búrẹ́dì wọn, a mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn. Ìjíròrò náà dùn, a kò ní parọ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní ohun tó wu òun jù nínú ìwé náà ni Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀: gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó mú bí abẹ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó ń ṣeré níbẹ̀. Ó wá yíjú sí àwa ọmọ Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ rí i? Ká ní èdè ìyá rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?”

Èdè ìyá rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Èdè Lárúbáwá ni.

Ìyẹn la sọ, gbogbo ilé sì dákẹ́. Wọ́n ṣí ìwé náà wò, lóòótọ́, orúkọ kan wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní: Sherif Hetata. Ẹnì kan béèrè pé ta nìyẹn. Òmíràn tẹ fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Ọkọ rẹ̀ ni.” Wọ́n bá kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

“Ọkọ rẹ̀ ni.” Gbólóhùn kékeré yìí la fẹ́ bá jà lónìí.

Kì í ṣe irọ́. Ọkọ rẹ̀ ni láti 1964. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi yín pé ta ni Wole Soyinka, tí ẹ sì dáhùn pé ẹni tó túmọ̀ ìwé Fágúnwà ni, ẹ kò parọ́ níbẹ̀ náà, àmọ́ wọn yóò wò yín lójú bóyá ara yín yá. Òtítọ́ kan wà tó jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe, wọ́n ń fi í bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Sherif Hetata sí ní 1923. Ọmọ Íjíbítì ni bàbá rẹ̀, láti ìdílé onílẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ dúró níbí yìí ná. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìdílé bàbá rẹ̀ sì ní ilẹ̀, ní àkókò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ gàba ní Íjíbítì, ta ló tún kù tí ọ̀nà rẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀? Ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Káírò. Àwọn ìyá wa máa ń gbààwẹ̀ nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àkókò tó ń kàwé yìí gan-an ni ogun àgbáyé kejì parí, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò sì kúrò ní ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1946, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Káírò tú jáde sí ìgboro pé kí wọ́n máa lọ, àwọn ọlọ́pàá sì kọlù wọ́n lórí afárá Abbas. Lẹ́yìn ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ para pọ̀ di ọ̀kan. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni Hetata wọ inú ẹgbẹ́ àwọn kọ́múníìsì. Ẹ rò ó wò: ó ń bá wọn lé àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì ń bá àwọn àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ jà, òun tí ìdílé rẹ̀ ní ilẹ̀. Olóṣèlú apá òsì ni wọ́n máa ń pe irú wọn. (Òsì ni o, kì í ṣe òṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn tí òṣì ń ta ni wọ́n gbé lérí.)

Ó sanwó rẹ̀. Ní ayé Ọba Farouk, wọ́n mú un. Ó ráyè sá lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì tún padà wálé. Ní 1952, àwọn ológun lé ọba kúrò lórí oyè. Púpọ̀ nínú àwọn kọ́múníìsì kọ́kọ́ bá wọn yọ̀, wọ́n rò pé ìjọba mẹ̀kúnnù ti dé. Kò pé oṣù méjì tí ìjọba tuntun náà fi so òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ méjì rọ̀ ní Kafr al-Dawwar nítorí ìyanṣẹ́lódì. Hetata tún bára rẹ̀ lẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára, lábẹ́ ìjọba Nasser tí àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Bí a bá ro ti ayé ọba mọ́ ti ayé Nasser, ọdún tó lò lẹ́wọ̀n lé ní mẹ́wàá. Ó ti tó bí ẹni ogójì ọdún nígbà tó jáde. Àwa tí a ń kọ èyí, ẹni ogún ọdún sí mẹ́tàlélógún ni wá; iye ọdún tó fi wà lẹ́wọ̀n tó ìdajì ọjọ́ orí wa, a sì ń sunkún tí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní họ́ọ̀sì.

Nígbà tó wá jókòó láti kọ ìwé ìtàn àròsọ, ó kọ ọ́ ní èdè Lárúbáwá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí. Ọkùnrin yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu ìyá tó bí i, ní ìtumọ̀ tòótọ́ gbólóhùn náà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò gbọ́ ọ tó ni kò ṣe fi kọ ọ́. Ó kọ ìtàn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní Lárúbáwá kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà ló tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1982: The Eye with an Iron Lid. Ojú Onípéńpéjú Irin. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún The Net. Ó tún kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó pè é ní Àwọn Fèrèsé Ṣíṣí.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé àwọn tó ń fi èdè abínibí kọ̀wé ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì wọn kò dán, ẹ ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ Hetata.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ Nawal. Dókítà ni òun náà. Ìwé tó kọ lórí obìnrin àti ìbálòpọ̀ ní 1972 ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ètò ìlera. Ní 1981, Sadat jù ú sẹ́wọ̀n pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn. Obìnrin tó tó obìnrin ni, kò nílò ọ̀pá ìtìlẹ̀yìn kankan. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ tó gbé orúkọ rẹ̀ kọjá òkun, The Hidden Face of Eve ní 1980, Woman at Point Zero ní 1983, God Dies by the Nile ní 1985, The Fall of the Imam ní 1988, títí dé àwọn ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ọwọ́ Hetata ni wọ́n gbà kọjá. Kì í ṣe gbogbo ìwé rẹ̀ ni o. Marilyn Booth ló túmọ̀ èyí tó kọ lórí ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin, Catherine Cobham ló túmọ̀ ìrántí dókítà obìnrin. Ẹ ti gbọ́ orúkọ àwọn yẹn rí? A kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí pé òǹkọ̀wé ni Hetata fúnra rẹ̀. Wákàtí tó fi ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò bá ọ̀rọ̀ Nawal mu, ì bá fi kọ gbólóhùn ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ ewì mọ̀ bó ṣe máa ń rí láti pa tiwa tì fún ọ̀sẹ̀ kan péré nítorí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Òun fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é.

Nígbà tó di 2001, agbẹjọ́rò kan gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n tú ìgbéyàwó wọn ká. Ó ní Nawal ti sọ̀rọ̀ tó fi hàn pé kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́, kò sì yẹ kí ó jẹ́ aya Mùsùlùmí. Ẹ má fi ojú eré wò ó: ní 1995, ilé ẹjọ́ ti kọ́kọ́ pàṣẹ irú rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n Nasr Abu Zayd àti aya rẹ̀, tọkọtaya náà sì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Nẹ́dálándì. Hetata ti kọjá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ fún un láti yọ ọrùn ara rẹ̀. Kò yọ ọ́. Ó dúró ti aya rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní oṣù Keje.

A ò sọ pé áńgẹ́lì ni. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, inú Nawal kò sì dùn sí i, kò fi bò. Àwa kò sọ pé kí ẹ gbé ère rẹ̀ kalẹ̀. Orúkọ rẹ̀ la ní kí ẹ dá.

Ọ̀kan nínú wa, obìnrin, kọ́kọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí àpilẹ̀kọ yìí. Ó ní: “Káàkiri ayé ni ọkọ ti ń bo aya mọ́lẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ọkọ ti wà lẹ́yìn aya, ibẹ̀ lẹ fẹ́ sáré lọ fà á jáde.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lára, a sì fi alẹ́ méjì jà lórí rẹ̀. Ibi tí a parí sí ni pé ẹni tó ń ro pé Gẹ̀ẹ́sì ni Nawal fi kọ̀wé ti gba ohun ìjà ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò kọ̀wé sí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù láti fẹjọ́ sun. Ó kọ ọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀, ní èdè tí ọlọ́pàá, àlùfáà, mínísítà àti ọmọbìnrin abúlé jọ ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n. Bí a bá pa ògbufọ̀ rẹ́, èdè ni a pa rẹ́, ìgboyà Nawal náà sì bá a lọ. Ọ̀rẹ́ wa fọwọ́ sí i. Ó ní òun ṣì ń wò wá o.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan sọ pé ògbufọ̀ yìí náà ni kò jẹ́ ká rí Nawal dáadáa. Amal Amireh kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èyí ní 2000, a sì rọ̀ yín kí ẹ wá a kà. Ìwé tí a mọ̀ sí The Hidden Face of Eve, àkọlé rẹ̀ ní Lárúbáwá sún mọ́ Ojú Ìhòòhò Obìnrin Lárúbáwá. Ẹ gbọ́ iyàtọ̀ náà? Nílé, ojú náà wà ní ìhòòhò. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ti fara pamọ́, bí ẹni pé ó ń dúró de òyìnbó kí ó wá ṣí aṣọ lójú òun. Nǹkan wà nínú ẹ̀dà kan tí kò sí nínú èkejì. Ẹni yòówù tó yí àkọlé náà, ògbufọ̀ tàbí ilé ìtẹ̀wé, kì í ṣe ohun kékeré ni ó yí.

A gbà. Ohun tí a sì ń sọ náà nìyẹn! Báwo lẹ ṣe fẹ́ bi ògbufọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá mọ̀ pé ó wà? Nínú kíláàsì wa, wákàtí tí a ti fi jà lórí “daemons” tí Soyinka fi rọ́pò irúnmalẹ̀ ní 1968 kò lóǹkà. Àwọn kan ní ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́, àwọn kan ní kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. A lè jà bẹ́ẹ̀ nítorí pé a mọ ẹni tó ṣe é, a sì ní ìwé Fágúnwà lọ́wọ́. Ẹni tó ka Nawal tí kò mọ̀ pé ọwọ́ kan wà láàrin kò lè jà. Ohun tí wọ́n bá bù fún un ni yóò jẹ.

Ẹ jẹ́ ká tún gba ohun kan: Hetata ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn nítorí ilé tí wọ́n bí i sí. Kì í ṣe gbogbo èdè ló ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Tiwa kò ní tó bẹ́ẹ̀. Èdè tí kò bá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé nílé gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ilé wa. Ní ọdún yìí, mẹ́ta nínú wa bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn fi ìtumọ̀ ìwé ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Wọ́n mú ìwé wá, wọ́n mú ètò wá, wọ́n ní àwọn yóò kọ àlàyé síwájú rẹ̀ lórí ìṣòro kọ̀ọ̀kan tí àwọn bá bá pàdé. Èsì tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni pé ìtumọ̀ kì í ṣe ìwádìí. Kí wọ́n lọ kọ nípa ìtumọ̀, kí wọ́n má túmọ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ aṣọ híhun tí ó sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òfì. Akínwùmí Ìṣọ̀lá mú Death and the King's Horseman wálé, ó di Ikú Olókùn-ẹṣin. Ẹ ń fi kọ́ wa. Ta ló sọ pé kò ṣe ìwádìí kí ó tó ṣe é?

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, Woman at Point Zero gan-an ló fẹ́ mú wá sí Yorùbá. Láti inú Gẹ̀ẹ́sì Hetata ni yóò ti ṣe é, kò fi bò. Ó ti bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá sọ̀rọ̀ pé kí ó máa bá òun yẹ ìwé ti àkọ́kọ́ wò. Obìnrin inú ìwé náà, ẹlẹ́wọ̀n tó ń dúró de ikú, Firdaus lorúkọ rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àjèjì ni, òǹkàwé yóò kàn kọjá lórí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí àdúgbò Mùsùlùmí èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ẹ pariwo “Fírídáúsì!”, kí ẹ wo iye ọmọbìnrin tí yóò dáhùn. Àwọn ìyá wọn mọ̀ pé ọgbà Àlùjánnà ni. Bí orúkọ yẹn ṣe ń gún ọmọ Íjíbítì tó ń ka ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gún ọmọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè ṣe é láéláé. Àdúrà, àlàáfíà, wàásù, sánmà: ìdajì ọ̀nà ni Lárúbáwá ti rìn wá bá wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní tí Hetata kò ní nìyẹn, ó wà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ní kí a gbé e sílẹ̀ kí a lọ ka àbá èrò orí.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹ̀ka jẹ́ kí ìtumọ̀ ìwé wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Kí olùkọ́ tó bá kọ orúkọ ìwé kan sí ojú pátákó kọ orúkọ ògbufọ̀ rẹ̀ sí i, ì báà jẹ́ ìwé Rọ́ṣíà, ì báà jẹ́ ti Íjíbítì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ wà ní ilé ìtẹ̀wé àti ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rẹ́ wa tó fẹ́ túmọ̀ ìwé náà kò dúró de ìyọ̀ǹda. Ó ti ṣe orí kìíní, àwa sì ń kà á fún ara wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fún un dípò rẹ̀, ó ń ṣe ìyẹn lọ́sàn-án.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa ti èdè Gẹ̀ẹ́sì náà tún ṣe àpérò mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lórí God Dies by the Nile. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Lábẹ́ orúkọ Nawal, wọ́n kọ orúkọ ògbufọ̀, fàdákà fàdákà, ẹni tó bá wà ní òdìkejì ọ̀nà lè kà á. Wọ́n ṣì í kọ, wọ́n ní “Hettata”. A mú báírò, a fa ọ̀kan nínú t náà yọ, a sì wọlé lọ jókòó.